Ajá Aláìlábùlà àti Àrùn Ìdílé: Ohun Tí Ìwé Ìran Kò Sọ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ ra ajá aláìlábùlà gbà pé bí owó ajá bá ṣe pọ̀ tó ni ìlera rẹ̀ ṣe máa pé tó. Ìwé ìran wà nílẹ̀, orúkọ bàbá, ìyá àti àwọn bàbá ńlá wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á ní kí ló tún kù. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé òdìkejì ni tiwọn: wọ́n ní aláìsàn ni gbogbo ajá aláìlábùlà, pé ajá àdàlù nìkan ló ń le koko. Èrò méjèèjì ló ń ṣe ajá ní jàǹbá. Ẹni tó bí ajá ni ìwé ìran ń sọ. Ohun tí ajá jogún lára wọn, ìwé náà kò mọ̀ ọ́n.

Bí èmi ṣe rí i, ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni pé ìṣòro mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá ni gbogbo wa ń pè ní àrùn ìdílé. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé jíìnì kan ṣoṣo (ìtọ́ni àjogúnbá tó ń darí bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́) ló fà á, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ sì lè fi hàn. Òmíràn wà tí jíìnì púpọ̀ pawọ́ pọ̀ fà, tí oúnjẹ àti ìtọ́jú tún dá sí i. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù: ibi tó jẹ́ pé ìrísí tí a torí rẹ̀ fẹ́ràn ajá náà gan-an ni àrùn rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè àyẹ̀wò DNA (èròjà inú ara tí jíìnì wà nínú rẹ̀) lórí ìṣòro tí DNA kò lè fi hàn yóò gba ìwé tó mọ́ tónítóní, yóò sì gbé ajá aláìsàn lọ sílé.

Bí ilẹ̀kùn ìran ṣe tì

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ajá ti ń bá ènìyàn gbé. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń yan ajá: èyí tó mọ ẹran dà, èyí tó mọ ọdẹ ṣe, èyí tó mọ ilé ṣọ́. Bí ajá ìletò kejì bá mọṣẹ́, wọ́n á mú un gun tiwọn. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni nǹkan yí padà. Wọ́n dá Kennel Club, ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ajá, sílẹ̀ ní London ní 1873, ti Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1884, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí sì ń kọ orúkọ ajá sínú ìwé. Nígbà tó yá, ó di pé ajá tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wà nínú ìwé nìkan ni wọ́n ń gbà síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò wọlé mọ́. Àwọn tó wà nínú ilé ló ń fẹ́ ara wọn. Àwọn irú ajá kan sì wà tó jẹ́ pé ajá mélòó kan péré ni wọ́n fi pilẹ̀ wọn, tàbí tí ogun tàbí àjàkálẹ̀ àrùn ti pa wọ́n kù díẹ̀. Lundehund ti Norway wà lára wọn. Àrùn distemper fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìran náà run ní ọ̀rúndún ogún, èyí tó ṣẹ́ kù sì kéré débi pé ìbátan tímọ́tímọ́ ni gbogbo Lundehund tó wà láyé lónìí jẹ́ sí ara wọn. Àrùn ìfun tó le gan-an ló ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn jà.

Èyí tó tún burú sí i ni ọ̀rọ̀ akọ ajá olókìkí. Akọ kan gba ife-ẹ̀yẹ níbi ìdíje, gbogbo ẹni tó ní abo sì ń gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ó lè bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Bí jíìnì burúkú kan bá fara pamọ́ sára akọ yìí, ó ti pín in fún nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀ láìsí ẹni tó fura. Ní ìran kejì, ìran kẹta, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ara wọn. Ìgbà náà ni àrùn tí ẹnikẹ́ni kò rí rí yóò yọjú, tí àwọn olùsìn ajá á máa bi ara wọn léèrè ibi tó ti wá.

Ìdí tí òbí tó le koko fi ń bí ọmọ aláìsàn

Kírómósómù (okùn tín-ín-rín tí jíìnì tò sí) 78 ni ajá ní, wọ́n sì so pọ̀ ní méjì méjì lọ́nà 39: ìdajì láti ara bàbá, ìdajì láti ara ìyá. Torí náà, ẹ̀dà méjì ni ajá ní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnì rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa AA, AS àti SS ti mọ ohun tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ń gbà wọ inú ẹbí ni ọ̀pọ̀ àrùn ajá ń gbà. Ajá tó ní ẹ̀dà burúkú kan àti ẹ̀dà rere kan dà bí AS: kò sí ohun tó ṣe é, ó ń sáré, ó ń jẹun, ó ń gba ife-ẹ̀yẹ. Bí irú rẹ̀ bá pàdé irú rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti ṣàìsàn, ìpín méjì láti gbé e pamọ́ bí òbí rẹ̀, àti ìpín kan láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe pé nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣàìsàn dandan. Abo lè bí mẹ́jọ kí gbogbo wọn yè kooro, kó tún bí lọ́dún tó tẹ̀lé e kí mẹ́ta ṣàìsàn. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé "ó pẹ́ tí mo ti ń sin àwọn ajá yìí, kò sí èyí tó ṣàìsàn rí" kò fi lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, kódà bó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Kì í ṣe gbogbo àrùn ló ń tẹ̀lé ìlànà yìí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀dà burúkú kan ṣoṣo ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Òmíràn jókòó sórí kírómósómù X, bíi hemophilia tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, tó fi jẹ́ pé akọ ló sábà máa ń mú, abo sì ń gbé e kiri láìmọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí àbùkù tí wọ́n bí mọ́ ajá àti àrùn tó jogún dàpọ̀ mọ́ra wọn lójú yín. Oògùn tí ìyá lò nígbà oyún lè sọ ọmọ ajá di alábùkù láìsí jíìnì kankan tó bàjẹ́. Àrùn àjogúnbá ní tirẹ̀ lè wà lára ajá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kó má sì yọjú títí ajá fi pé ọdún mẹ́jọ.

Àwọn onímọ̀ ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń wọn bí òbí méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó. Bí bàbá bá gun ọmọ rẹ̀, tàbí tí ẹ̀gbọ́n gun àbúrò rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí yóò gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ọmọ bàbá kan náà tí ìyá wọn yàtọ̀ ló gun ara wọn, 12.5 ni. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò, 6.25. Ní 2021, àwọn olùwádìí gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi DNA irú ajá 227 ṣe, ìwọ̀n tó wà láàárín gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Bí a bá kó gbogbo irú ajá wọ̀nyí pọ̀, ajá kan láàárín wọn dà bí ọmọ tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bí, kódà nígbà tí ẹni tó sìn ín ti sapá yan òbí méjì tí orúkọ wọn kò pàdé níbì kankan nínú ìwé. Ìran mélòó kan péré ni ìwé ń kà. Ìbátan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2009, Kennel Club ti Britain fi òfin lélẹ̀ pé àwọn kò ní kọ orúkọ ọmọ tí òbí àti ọmọ rẹ̀, tàbí ọmọ ìyá àti bàbá kan náà, bí fún ara wọn mọ́. Ó dára. Ó yẹ kó ti dé tipẹ́tipẹ́.

Àrùn tí àyẹ̀wò lè mú

Ní 2005, àwọn onímọ̀ gbé àkọsílẹ̀ odindi DNA ajá jáde. Ti abo Boxer kan tó ń jẹ́ Tasha ni wọ́n kà. Láti ìgbà náà ni àyẹ̀wò fún àrùn jíìnì kan ṣoṣo ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n á fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, èsì á sì sọ bóyá ajá mọ́ (kò ní ẹ̀dà burúkú kankan), tàbí ó gbé e pamọ́, tàbí ó ní ẹ̀dà burúkú méjèèjì.

Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní PRA wà lára àwọn tó ṣeé mú báyìí. Ẹ̀yìn ẹyinjú ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Ajá á kọ́kọ́ máa kọsẹ̀ lálẹ́, nígbà tó bá yá ojú á fọ́ pátápátá. Oríṣi kan rẹ̀ wà lára Labrador, Poodle àti Cocker Spaniel. Ti Doberman àti Scottish Terrier ni àrùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, von Willebrand: ó lè jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún ajá ni wọ́n máa tó mọ̀. Bàbà máa ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ Bedlington Terrier. Basenji ní tirẹ̀ ní àrùn kíndìnrín tó ń da ṣúgà àti àwọn èròjà rere mìíràn dànù sínú ìtọ̀.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ajá mọ̀, nítorí pé oògùn ló ń pa ajá níbẹ̀. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ MDR1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti àwọn oògùn kan jáde kí wọ́n má bàa wọ inú ọpọlọ. Lára Collie, Australian Shepherd, Shetland Sheepdog àti àwọn ìbátan wọn, ó wọ́pọ̀ kí jíìnì yìí bàjẹ́. Nínú Collie, nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá ló ní ẹ̀dà tó bàjẹ́, ọ̀kan tàbí méjèèjì. Bí wọ́n bá fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ní ivermectin tó pọ̀, bí èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú kòkòrò ara tàbí èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù àti ẹṣin, oògùn náà á dúró sínú ọpọlọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbé e dáadáa mọ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ojú rẹ̀ lè má ríran, ó lè dákú, ó lè kú. Loperamide tí ènìyàn ń lò fún ìgbẹ́ gbuuru léwu fún un, àwọn oògùn jẹjẹrẹ kan náà sì wà níbẹ̀. Ọdún 2001 ni àwọn olùwádìí ní Washington State University ní Amẹ́ríkà tú àṣírí rẹ̀. Ìwọ̀n kékeré tó wà nínú oògùn oṣooṣù tí wọ́n ń lò láti dènà aràn ọkàn kì í sábà ṣe wọ́n ní nǹkan. Ìwọ̀n ńlá ni ewu. Bí ajá yín bá ní ẹ̀jẹ̀ Collie, bó tilẹ̀ jẹ́ àdàlù, ẹ sọ fún dókítà ẹran kó tó mú abẹ́rẹ́ sọ́wọ́, kí ẹ má sì fi ojú wọn oògùn màlúù fún ajá láéláé.

Mo fẹ́ dárúkọ ajá kan níbí, Lancelot. Irú ajá tí wọ́n ń pè ní Briard ni, afọ́jú láti ìgbà ìbí, nítorí jíìnì tó ń jẹ́ RPE65 tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fi jíìnì tó dára sínú ojú rẹ̀, òun àti àwọn ajá bíi tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. 2001 ni wọ́n gbé ìròyìn náà jáde. Jíìnì kan náà ló ń fọ́ ojú àwọn ọmọ ènìyàn kan. Ní 2017, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tí wọ́n ṣe fún wọn láti ara iṣẹ́ náà.

Nígbà tí gbogbo ìran ti ní i tán

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí àyẹ̀wò bá ti wà, kí ló dé tí wọn kò kàn mú ajá tó mọ́ gun ajá tó mọ́? Dalmatian ni ìdáhùn. Jíìnì kan wà tó ń bójú tó uric acid, ìdọ̀tí kan tí ara ń tú dànù, nínú ara, ẹ̀dà burúkú méjèèjì rẹ̀ sì ni gbogbo Dalmatian aláìlábùlà ayé ọjọ́un ní. Kò sí ẹyọ kan tó mọ́ tí wọn ì bá fi gun òmíràn. Uric acid á máa ṣàn sínú ìtọ̀ wọn, lára àwọn kan á di òkúta nínú àpò ìtọ̀, akọ ló sì sábà máa ń dí mọ́ nínú, nítorí pé ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ tóóró ju ti abo lọ. Ìrora ajá tí ìtọ̀ dí mọ́ nínú kò ṣeé fẹnu sọ, bí wọn kò bá sì tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó máa kú. Èrò àwọn onímọ̀ ni pé ibi tí àwọn àtijọ́ ti ń yan ajá tí àmì dúdú rẹ̀ rí roboto tó dá ṣáká ni wọ́n ti ń yan jíìnì yìí mọ́ ọn láìmọ̀.

Ní 1973, onímọ̀ jíìnì kan ní Amẹ́ríkà, Robert Schaible, mú Pointer (irú ajá ọdẹ) kan gun Dalmatian kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, Dalmatian nìkan ló ń mú àwọn ọmọ náà padà sí, ìran lórí ìran, tó sì ń yan àwọn tí ìtọ̀ wọn dára. Nígbà tí ìran mélòó kan fi máa kọjá, kò sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára Dalmatian yòókù. Ẹgbẹ́ ajá Amẹ́ríkà gba méjì nínú wọn sínú ìwé ní 1981, àwọn tó ń sin Dalmatian fárígá, ni wọ́n bá ti ilẹ̀kùn náà padà. Ó di 2011 kí wọ́n tó ṣí i. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn ajá fi wà nínú ìrora tí ẹni kan ti wá ojútùú sí, nítorí kí ìwé lè mọ́. Mi ò rí àwáwí kankan tó tó fún ìyẹn.

Ìbínú wọn nígbà náà ni pé Pointer yóò ba Dalmatian jẹ́. Ajá tó jáde ṣì ní àmì dúdú lára, ó ṣì ń sáré bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń tọ̀ fàlàlà. Norway náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú Lundehund gun àwọn ìbátan rẹ̀ bíi Buhund, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Ibi tí DNA kò ti lè sọ̀rọ̀

Ìbàdí ni àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù. Orí eegun itan kò jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀, oríkèé á máa ha, ajá á máa tiro. German Shepherd, Rottweiler, Labrador àti Golden Retriever wà lára àwọn tó ń mú jù. Kò sí jíìnì kan tí a lè nàka sí pé òun ni. Wọ́n pọ̀, kálukú wọn sì dá tirẹ̀ kékeré sí i. X-ray ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, àjọ OFA ti ń ka àwòrán ìbàdí ajá láti 1966, wọn kì í sì í fún ajá ní ìwé tó fìdí múlẹ̀ àfi tó bá ti pé ọdún méjì. Torí náà, ẹni tó bá mú abo rẹ̀ bímọ kó tó pé ọdún méjì kò tíì lè mọ ohun tó ń pín fún àwọn ọmọ.

Níbí ni oúnjẹ ti wọ ọ̀rọ̀. Ìwádìí kan wà tí wọ́n fi Labrador 48 ṣe, wọ́n sì mú wọn ní méjì méjì láti inú ìbí kan náà. Ọ̀kan ń jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí èkejì rẹ̀ ń jẹ, títí ọjọ́ ikú. Àwọn tó ń jẹ díẹ̀ fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì pẹ́ láyé ju àwọn èkejì wọn lọ, àrùn oríkèé ìbàdí kò sì tètè mú wọn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ní ọmọ ajá ńlá nílé, ẹ má bọ́ ọ sanra. (Ẹ má sì bínú sí Labrador tó ń wo ẹnu yín níbi oúnjẹ. Ní 2016 wọ́n rí i pé nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin wọn ló ní jíìnì POMC tó bàjẹ́, tí kì í jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn ti yó.)

Ọkàn náà wà níbẹ̀. Iṣan ọkàn Doberman máa ń fẹ̀, á sì rọ. Ajá tí kò ṣàìsàn rí lè ṣubú lulẹ̀ lójijì kó sì kú. Wọ́n ti rí jíìnì kan tó jọ pé ó dá sí i, àmọ́ ajá tó mọ́ nínú àyẹ̀wò yẹn ṣì lè ní àrùn náà, èyí tó gbé jíìnì náà sì lè darúgbó láìsí wàhálà. Ohun tó ṣeé gbára lé ni àyẹ̀wò ọkàn lọ́dọọdún, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ajá láyà fún wákàtí 24. Ti Cavalier King Charles Spaniel, fáàfù ọkàn ló ń bàjẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ mú un bímọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọkàn òbí méjèèjì nígbà tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀. Àyẹ̀wò DNA kankan kò lè ṣèlérí pé ọkàn Cavalier kò ní bàjẹ́.

Nígbà tí ìrísí fúnra rẹ̀ jẹ́ àrùn

Wọ́n yan Bulldog, Pug àti French Bulldog títí eegun iwájú wọn fi kúrú, àmọ́ ẹran inú rẹ̀ kò kúrú bá a. Àjà ẹnu gùn jù, ihò imú há, ahọ́n tóbi ju àyè tó wà lọ. Ohùn tí ajá náà ń ṣe nímú, tí àwọn ènìyàn ń fi rẹ́rìn-ín, èémí tí kò rí ọ̀nà gbà ni. Ajá kì í làágùn bíi ti ènìyàn. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Èyí tí kò lè mí dáadáa, ooru lè pa á níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré. Orí ọmọ inú wọn tún tóbi, ìbàdí ìyá sì há: ìwádìí kan ní Britain rí i pé nínú Bulldog, French Bulldog àti Boston Terrier, ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìbí lọ tó jẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ajá tí kò lè bí ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká wa lára.

Kò sí àyẹ̀wò tí wọ́n lè ṣe tí ìṣòro yìí á fi lọ, nítorí pé ohun tó ń fà á ni ohun tí àwọn tó ń rà á ń wá. Ojú tó gùn díẹ̀ sí i ni oògùn rẹ̀. Láti 2019 ni Netherlands ti ń tẹ̀lé òfin pé ajá tí gígùn imú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn orí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bímọ. Ní 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Norway dájọ́ pé bí wọ́n ṣe ń mú Cavalier gun Cavalier lòdì sí òfin tó ń dáàbò bo ẹranko. Nítorí ọkàn wọn ni, àti nítorí pé agbárí wọn kéré jù fún ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀.

Dachshund náà wà lára wọn. Jíìnì kan nínú èyí tó ń ké ẹsẹ̀ ajá kúrú ló tún ń mú kí tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn gbó láìtọ́jọ́, kó sì lè bẹ́ jáde tẹ iṣan ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Dachshund bá kọ̀ láti gbé e lójijì, wákàtí ni ẹ ní, ẹ ò ní ọjọ́. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀.

Àwọ̀ pàápàá lè di àrùn. Àwọ̀ merle, tó máa ń ní àbàwọ́n eérú àti dúdú, wù ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ̀dà kan rẹ̀ kì í sábà ṣe ajá ní nǹkan. Bí wọ́n bá mú merle gun merle, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti gba ẹ̀dà méjì, àwọn wọ̀nyí ló sì sábà máa ń funfun, tí etí wọn ń di, tí ojú wọn ń kéré tàbí kó fọ́. Àwọn kan ń tà wọ́n lówó gọbọi pé àwọ̀ wọn ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀dá adití ni wọ́n ń tà.

Ajá àdàlù, àti àwọn tó gbé e pamọ́

Ní 2013, àwọn olùwádìí ní University of California ní Davis gbé ìwádìí jáde lórí àkọsílẹ̀ ajá tó lé ní 27,000 àti àrùn 24. Mẹ́wàá nínú àrùn wọ̀nyí ló wọ́pọ̀ jù lára aláìlábùlà. Mẹ́tàlá kò fi ìyàtọ̀ hàn. Ọ̀kan tó kù, iṣan orúnkún tó ń já, ara àdàlù ló ti wọ́pọ̀ jù. Àdàlù ní àǹfààní, àmọ́ kì í ṣe ààbò pátápátá. Bí Labrador tó gbé PRA pamọ́ bá gun Poodle tó gbé oríṣi kan náà pamọ́, ọmọ wọn lè fọ́jú bíi ti ajá yòówù. Ẹni tó bá ń ta irú àdàlù bẹ́ẹ̀, ìwé àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣìṣe mìíràn wà tí àwọn tó fẹ́ ire ajá máa ń ṣe. Wọ́n á ní ajá yòówù tó bá gbé jíìnì àrùn, kó má bímọ mọ́. Ní 2018, wọ́n wo DNA ajá tó lé ní 100,000, nǹkan bíi méjì nínú márùn-ún ló gbé ó kéré tán jíìnì kan nínú àwọn àrùn tí wọ́n wá. Bí a bá lé gbogbo wọn dànù, agbo tó ti há tẹ́lẹ̀ á tún há sí i, àwọn tó kù á túbọ̀ súnmọ́ra, àrùn mìíràn tí kò tíì sí àyẹ̀wò fún á sì rọ́nà yọ. Fún àrùn tó ń tẹ̀lé ìlànà AS àti SS, ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á mú èyí tó gbé e pamọ́ gun èyí tó mọ́. Kò sí ọmọ kankan tó máa ṣàìsàn náà níbẹ̀. Ó lè wá yan nínú àwọn ọmọ tó mọ́ láti fi tẹ̀ síwájú. Torí náà, bí olùsìn kan bá sọ fún yín láìfi pa mọ́ pé abo òun gbé jíìnì kan pamọ́, tó sì fi ìwé akọ tó mọ́ hàn yín, ẹ má sá fún un. Èyí tó ní ajá òun kò ní àrùn kankan, tí kò sì ní ìwé kan lọ́wọ́, ni kí ẹ yẹra fún.

Kí ẹ tó lọ wo ọmọ ajá, ẹ wá orúkọ àrùn tó ń bá irú ajá náà jà, kí ẹ pín wọn sí mẹ́ta bí mo ṣe sọ. Fún èyí tó ní àyẹ̀wò jíìnì, ẹ béèrè ìwé bàbá àti ìyá, kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lórí ìwé sì bá ti ajá mu. Fún ìbàdí, ọkàn àti ojú, ìwé tí dókítà fọwọ́ sí lẹ́yìn tó ti wo òbí náà fúnra rẹ̀ ni ẹ ń wá, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. Fún ìrísí, ojú yín ni ìwé: ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ìyá ajá rìn díẹ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ béèrè ọdún tí àwọn òbí àgbà lò láyé àti ohun tó pa wọ́n. Ọ̀pọ̀ kì í béèrè ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó ń sọ ohun tí àyẹ̀wò kankan kò lè sọ.

Bí àrùn bá sì yọ lára ajá tí ẹ ti ní, ẹ má fi í bímọ, kí ẹ má sì dákẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àrùn yìí ń pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Doberman tó bímọ ní ọdún mẹ́ta, tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ní ọdún méje, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tàn ká nígbà náà, àwọn kan nínú wọn ti bímọ tiwọn. Ẹni tó sìn ín kò lè mọ̀ àfi bí ẹ bá sọ fún un. Ẹ kọ orúkọ àrùn náà bí dókítà ṣe pè é, ọjọ́ orí ajá nígbà tó yọjú àti èsì àyẹ̀wò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó ń bójú tó irú ajá náà.